Owó Oògùn Ṣáájú Owó Pósí

Fún kíkà: Mátíù 25:31-46, Máàkù 2:1-12

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò fajú ro, wọn yóò ní kí ló kan pásítọ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ẹ fara balẹ̀ fún mi díẹ̀. Olúwa wa kò kọ̀ láti fi apẹja, olùṣọ́-àgùntàn àti obìnrin tó ń gbálẹ̀ wá owó rẹ̀ tó sọnù kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́, n kò sì rò pé yóò bínú bí a bá kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ àwọn tó ń pariwo ní pápá ìṣeré.

Ilé Shooting Stars ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Èrúwà. IICC ni a ń pè é nígbà náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ará àdúgbò yóò rọ̀gbà yí rédíò bàbá mi ká, ẹni tó bá wúkọ́ pàápàá á gba èébú. Ní 1976, IICC gba ife ẹ̀yẹ tí wọ́n ń dù láàárín àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn, òun sì ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwa àti Rangers ti Énúgù pàdé kí a tó dé àṣekágbá. Wọ́n gbá a ní Èkó, òmì. Wọ́n tún gbá a ní Kàdúná, òmì. Ẹnikẹ́ni kò jẹ góòlù kan ṣoṣo nínú méjèèjì. Pẹnáríti ni Rangers fi lé wa lọ sílé, wọ́n sì lọ gba ife tí ó wà lọ́wọ́ wa. Ọmọ ọdún méje ni mí. Mo rántí pé bàbá mi kò fọwọ́ kan àmàlà rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ lọ́bẹ̀ ìlasa ni ìyá mi sè.

Ọkùnrin tó jẹ́ balógun Rangers lọ́jọ́ náà ni Christian Chukwu, ẹni tí wọ́n ń pè ní «Chairman». Ẹ má bínú sí mi, n kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Àfìgbà tó di 1980 tí òun náà jẹ́ balógun Green Eagles, tí wọ́n fi góòlù mẹ́ta sí òdo na Algeria ní Sùúrùlérè, tí Nàìjíríà gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Odegbami jẹ méjì, Múdà Lawal jẹ ẹyọ kan, ọmọ Shooting sì ni àwọn méjèèjì. Ọmọ Shooting ló jẹ góòlù, ọmọ Rangers ló gbé ife. Bàbá mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó ní ó dára, a ti dárí ji Chukwu.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, Chukwu di kóòṣì. Òun ló kó Super Eagles lọ sí Tùnísíà ní 2004 tí wọ́n fi ṣe ipò kẹta. Ó padà sọ́dọ̀ Rangers pẹ̀lú, ó sì ṣe olùdarí àgbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 2019, ìròyìn jáde pé àìsàn ńlá ti dá a dùbúlẹ̀, pé ó nílò 50,000 dọ́là kí ó tó lè lọ gba ìtọ́jú lókè òkun. Gbogbo góńgó tí ọkùnrin náà dáàbò bò, gbogbo ife tó gbé sókè, kò sí èyí tó di owó oògùn fún un. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà síta. Wọ́n ṣí àpò ìdáwó sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń kéde rẹ̀ lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn. Níkẹyìn, ọlọ́rọ̀ kan, Fẹ́mi Ọ̀tẹ́dọlá, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ní kí wọ́n fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Wọ́n gbé Chukwu lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó gba ìtọ́jú, ó sì padà wálé.

Ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 2025 ni ó tó kú, ní ẹni ọdún 74. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń sọ ìtàn yìí, orúkọ ọlọ́rọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n máa ń dá. Ó yẹ kí wọ́n dá a, ó ṣe ohun tó dára. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé bí àwọn tí kò ní ju ẹgbẹ̀rún náírà lọ kò bá pariwo, ibo ni ẹni tó ní mílíọ̀nù yóò ti gbọ́? Ẹ wo àwọn ọkùnrin mẹ́rin inú ìwé Máàkù. Wọn kì í ṣe wòlíì. Kò sí ibi tí a ti kà á pé wọ́n gbàdúrà lé ẹlẹ́gbà náà lórí. Wọn kò lè wò ó sàn, ṣùgbọ́n wọ́n lè gbé e. Nígbà tí èrò dí ẹnu ọ̀nà mọ́ wọn, wọ́n gun orí ilé, wọ́n dá òrùlé lu. (Bíbélì kò sọ ẹni tó tún òrùlé onílé ṣe. Mo máa ń ro ìyẹn náà. Ẹnìkan ti ní láti náwó sí i.) Ìgbàgbọ́ àwọn tó gbé e ni Jésù rí, Máàkù sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ òyìnbó náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìwòsàn nínú tiwọn. Sven-Göran Eriksson, ará Sweden tó kọ́ ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní bọ́ọ̀lù, tó tún kó Ivory Coast lọ sí ìdíje àgbáyé 2010, kéde ní oṣù kìíní 2024 pé òun ní jẹjẹrẹ, àti pé bóyá ni òun yóò lò ju ọdún kan lọ. Ó ní ó ti pẹ́ tó ti ń wu òun láti jẹ́ kóòṣì Liverpool, Ọlọ́run kò sì fi í ṣe é. Kí ni àwọn ará Liverpool ṣe? Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n pè é wá, wọ́n fi í jókòó ní ipò kóòṣì fún àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù wọn tó ń bá ti Ajax ṣeré. Pápá kún fọ́fọ́. Wọ́n kọrin fún un títí omijé fi dà lójú rẹ̀. Oṣù karùn-ún lẹ́yìn náà ni ó kú. Kò sí ẹni tó dá ẹ̀mí rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí wọn ì bá sọ létí ibojì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sílé. Ọ̀pọ̀ yín ló rántí Rashidi Yekini. Shooting Stars ti Ìbàdàn ló ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí iwájú, òun ló sì jẹ góòlù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú ìdíje àgbáyé, ní 1994 ní Amẹ́ríkà, tó di àwọ̀n mú, tó ń sunkún. Gbogbo wa fò sókè lọ́jọ́ náà, àti onígbàgbọ́ àti ìmàle. Ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀, Ìbàdàn níbí ni ó ń dá gbé, àwọn tó ń rí i sì ń sọ pé ara ọkùnrin náà kò yá. Nígbà tó kú ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún 2012, ẹni ọdún 48 péré, ẹnu wa wá gbòòrò. Oríṣiríṣi ìdárò la gbọ́ lórí rédíò. Láti Igbó-Ọrà dé Ìbàdàn kò ju ìrìn wákàtí méjì lọ. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, mo ń ti ibẹ̀ kọjá lọ sí ìpàdé àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run lóṣooṣù. N kò yà.

Bí ó bá jẹ́ Yekini nìkan ni, mo lè ní kò mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tó mọ̀ mí. Ní ilé ìwé tí mo lọ, a ní tíṣà kan tó ń kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù. Bàbá Géèmù ni a ń pè é. Owó oṣù rẹ̀ ló fi ń ra bàtà fún àwọn tí kò ní, òun ló sì kọ́ mi ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ní 2024, ẹ̀gbà kọlù ú, apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo gbọ́. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn aláìsàn, mo sì ń pè é lórí pẹpẹ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi fún oṣù mẹ́rin. Ìjọ ń ṣe àmín. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó débẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo pàdé ọ̀kadà kan lójú ọ̀nà. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n wà lórí rẹ̀, Bàbá Géèmù sì ni ẹni tó wà láàárín, wọ́n fi ọ̀já gbà á mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó ń wa ọ̀kadà. Àwọn ọmọ tó kọ́ ní bọ́ọ̀lù ni. Ẹni tó ń wà á jẹ́ fọkanáísà, ìmàle ni, ó kéré sí mi nílé ìwé. Wọ́n ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún ìtọ́jú apá àti ẹsẹ̀. Àwọn mọ́kànlá ló wà nídìí ẹ̀, wọ́n ń dá ẹgbẹ̀rún méjì náírà lóṣù, ẹnìkọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọkùnrin náà dúró, ó sì kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: «Pásítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ àdúrà o.» Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkàn rere ló fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà gún mi bí ọ̀bẹ títí mo fi dé ilé.

Àwọn kan máa ń sọ pé bí a bá ń dá owó oògùn, ṣé kò ní dà bí ẹni pé a kò gba Olúwa gbọ́ bí oníwòsàn? Ẹ̀yin ará, Pọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gba aṣọ ìnujú ara rẹ̀ lé aláìsàn náà fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn, ó sì kọ ọ́ sínú Tímótì Kejì láìtijú. Lúùkù tó jẹ́ oníṣègùn ló sì kù pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọ̀pọ̀ oníjìbìtì ló ń fi àìsàn tọrọ owó. Òótọ́ ni, mo ti bọ́ sọ́wọ́ wọn rí. Ẹ lọ san owó náà ní ilé ìwòsàn, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí. Kò ṣòro.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé a ní owó náà. Kò sí ìjọ kan ní Ìbàràpá méjèèje tí kò ní rí owó ra pósí tó dára, ká pa màlúù, ká dá àǹkárá, ká gbé ẹgbẹ́ akọrin wá láti Ìbàdàn. Ẹni tó ti ń wá owó ọkọ̀ dé UCH fún oṣù mẹ́fà ni a ń ṣe èyí fún. Àwọn baba wa kò mọ irú ìwà yìí. Ẹ̀yin àgbà Ìdèrè, ẹ rántí sòbìyà, kí ó tó di pé àjọ ìlera àgbáyé kéde ní 2013 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àsìkò iṣẹ́ oko ló máa ń dá àgbẹ̀ wó. Àwọn èèyàn sì mọ ohun tí ọ̀wẹ̀ wà fún, nítorí pé iṣu kò ní dúró de ẹsẹ̀ tó wú.

Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Géèmù ní ọjọ́ kejì tí mo pàdé wọn. Mo gbé Bíbélì dání, mo sì ti múra ọ̀rọ̀ ìtùnú sílẹ̀. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Kì í pè mí ní pásítọ̀, nọ́ńbà tí mo wọ̀ nílé ìwé ló fi ń pè mí. Ẹnu rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ: «Nọ́ńbà Méjì, o pẹ́ kí o tó padà wá dí ẹ̀yìn.» Mo dọ̀bálẹ̀ fún un.

Láti ìgbà náà, àwọn mọ́kànlá ti gbà mí kún wọn, a di méjìlá. Ní oṣù kẹrin 2025 tí Chukwu kú, èmi ni mo sọ fún Bàbá. Ọmọ Shooting paraku ni, ó wà ní Kàdúná ní 1977. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá bi mí bóyá àwọn èèyàn wà lọ́dọ̀ ọkùnrin náà nígbà tó ń ṣàìsàn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó mi orí.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tèmi. Mo ti rọ epo sínú ọkọ̀, mo sì ti sọ fún ìgbìmọ̀ ìjọ pé ìpàdé ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yóò máa dúró dè mí títí n ó fi dé.