Ẹ̀rọ Àyẹ̀wò Ọyàn: Ta Ló Yẹ Ìwọ̀n Rẹ̀ Wò?

Ẹ̀yin ará wa ní Ọlọ́runṣògo, àti ẹ̀yin ará oko gbogbo láti Lágelú títí dé Ọ̀nà-Àrà, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Nínú àwa tí a bí sídìí kòkó, ta ni kò mọ ìwà òṣùwọ̀n? Àgbẹ̀ á gbé àpò kòkó kúrò nílé, èjìká rẹ̀ á ti sọ fún un bó ṣe wúwo tó; bó bá dé ọ̀dọ̀ oníkòkó, òṣùwọ̀n á ní kò tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ tó gbọ́n fi ń béèrè kó tó sọ àpò kalẹ̀ pé, "Òṣùwọ̀n yìí, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn ìyá wa máa bi ìjọba lórí ẹ̀rọ tí ń fi X-ray ya àwòrán ọyàn.

Jẹjẹrẹ ọyàn ló ń mú àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ju jẹjẹrẹ yòókù lọ, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í dé ọsibítù àfi ìgbà tí kókó bá ti tóbi. Ẹ̀rọ yìí lè rí kókó tí ọwọ́ kò tíì lè mọ̀. Nítorí náà, bí olóṣèlú bá ra ọ̀kan, n kò bínú pé ó fi ìlù àti ankara ṣí i. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé, bí wọ́n bá ti gé ríbọ́ǹ, tí wọ́n ya fọ́tò, ó tán. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún wa iye ìtànṣán tí ẹ̀rọ náà ń rán sínú ọyàn.

Ìtànṣán yìí kò ní òórùn, kì í gbóná, kì í ta ni lára. Bó bá pọ̀ jù, òun fúnra rẹ̀ lè dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Bó bá sì kéré jù, àwòrán á rí wúruwùru, kókó tí a torí ẹ̀ lọ á fara pamọ́ sínú rẹ̀, wọ́n á sì ní kí ìyá máa lọ sílé, pé kò sí nǹkan. Èwo ló dáa níbẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní 1992, àwòrán kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ fún ọyàn tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ ní ju milligray 3 lọ. Ní Yúróòpù, 2.5 ni ìlànà tiwọn. Àwòrán méjì-méjì ni wọ́n sì sábà ń ya fún ọyàn kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin lápapọ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye yẹn? Kò sẹ́ni tó lè ki ohun ìwọ̀n bọ inú ọyàn alààyè. Ibi tí ọyàn ìbá wà ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n kékeré sí, wọ́n á ka ohun tó dé ibẹ̀, wọ́n á wá fi bí ọyàn ṣe nípọn tó, bí ọ̀rá inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti bí ìtànṣán náà ṣe lágbára tó ṣírò èyí tó wọlé. Bí ìwọ̀n àkọ́kọ́ bá ti ṣì, gbogbo ìṣirò ti ṣì nìyẹn. Ìtànṣán tọyàn sì rọ̀ ju èyí tí wọ́n fi ń ya àyà tàbí eegun lọ dáadáa. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n tí wọ́n yẹ̀ wò fún tàyà wá síbẹ̀, èèpo ẹ̀rọ ìwọ̀n náà lè gbà lára ìtànṣán rírọ̀ náà mì, irọ́ ni yóò pa. Ta ló ń fi òṣùwọ̀n àpò kòkó wọn wúrà? Iye tí ẹ̀rọ ń kọ sójú ara rẹ̀ ńkọ́? Ìṣirò ẹni tó ṣe ẹ̀rọ nìyẹn, ẹnu oníkòkó náà ni. Òmíràn tún wà: àwọn obìnrin òyìnbó ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ ìṣirò tó wọ́pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin wa ni jẹjẹrẹ yìí ń tètè mú, nígbà tí ọyàn ṣì le, tí ọ̀rá kò pọ̀ nínú rẹ̀.

Mo sin àǹtí mi kan lọ ya àwòrán yìí níbì kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ya apá kan ṣoṣo. Mo bi ọmọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà pé ìgbà wo ni wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn. Ó wò mí bí ẹni pé owó tó wà ní báńkì rẹ̀ ni mo béèrè. "Bàbá, ẹ̀rọ tuntun ni." Òṣùwọ̀n tuntun kì í wọ́ ni?

Ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi sá fún àyẹ̀wò o! Àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ, pàápàá fún ẹni tó ti lé ní 40 ọdún tàbí tó rí kókó lára. Ìjọba ni mò ń bá wí.

Wọn ò sì lè ní àwọn ò mọ̀. Òfin ààbò ìtànṣán wà ní Nàìjíríà láti 1995, àjọ tí ń mójú tó o, NNRA, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001. Nígbà tí Faransé ń yin bọ́ǹbù átọ́míìkì ní Sàhárà ní 1960, ẹ̀rù eruku rẹ̀ bà wá débi pé ìjọba dá ẹ̀ka tó ń ṣọ́ ìtànṣán sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1964. Títí dòní, inú ọgbà Yunifásítì yẹn ni ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ààbò ìtànṣán ti Nàìjíríà wà, tòsí wa níbí. A kì í gbé létí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́.

Ẹgbẹ́ wa kò béèrè ohun ńlá. Kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá X-ray gbogbo tí owó ìpínlẹ̀ rà: ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, iye tí wọ́n rí, ẹni tó wọ̀n ọ́n, àti ibi tí wọ́n ti yẹ ẹ̀rọ ìwọ̀n rẹ̀ wò. Kí wọ́n kọ iye tí ìyá kọ̀ọ̀kan gbà sínú káàdì rẹ̀. Ilẹ̀ tí Àgbẹ́kọ̀yà ti dìde ní 1968 nilẹ̀ yìí. Wọn kì í ka iye fún wa ká gbà láìbéèrè. Bí àwọn tó wà lórí àga bá dé Ọlọ́runṣògo wá tọrọ ìbò, ẹ ní kí wọ́n mú ìwé yẹn wá. Bí àwa náà bá débẹ̀ tán, tí a ò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ mú ìwé ìròyìn yìí dání, kẹ́ ẹ wá bá wa.