Ẹ má tíì ju báńpà yẹn nù o

Ẹ̀yin tèmi, ọ̀rọ̀ báńpà la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé wáyà lẹlòmíì nínú yín fi rán tiẹ̀ báyìí. Ẹ má bínú, èmi náà ti ṣe é rí.

Oṣù tó kọjá, Márúwá kan fi imú gbá ẹ̀yìn Corolla mi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọ̀jọ́ta. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún báńpà là, ó já, ó sì ń wọ́lẹ̀. Ọmọkùnrin tó wa kẹ̀kẹ́ náà ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀? Mo ní kó máa lọ jàre.

Mo gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ panẹbítà. Bùọ̀dá náà ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó tó fi ní, "Àǹtí, eléyìí ti kú o. Ẹ jẹ́ ká ra tuntun." Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n màá gbé òkú yẹn lọ sílé. Ojú ẹ̀ yí padà bìrí. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Èmi náà ń bi ara mi pé, kí lòun náà fẹ́ fi ṣe?

Èrò tèmi rèé, ẹ lè bá mi jà nísàlẹ̀: báńpà tó bá mọ́tò wá láti ilé iṣẹ́, kódà kó là, ó sàn ju tuntun ayédèrú lọ, bí àwọn etí tó fi kọ́ mọ́ ara mọ́tò bá ṣì pé. Ọ̀pọ̀ ayédèrú ló máa ń fẹ́lẹ́. Tipátipá ni wọ́n á fi tì í wọlé, àlàfo á ṣì wà láàárín òun àti fẹ́ńdà. Ẹ á tún wá sanwó ọ̀dà lé e.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn? Ẹ yí báńpà tó ti já náà padà, ẹ wo inú ẹ̀. Ẹ máa rí lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára ike náà. Tó bá jẹ́ PP tàbí PP+EPDM, bó ṣe wà lára ọ̀pọ̀ báńpà, ike tó ń yọ́ tí iná bá kàn án nìyẹn. Wọ́n lè fi irin gbígbóná àti ọ̀pá ike irú kan náà jó o pọ̀ látinú. Irú kan náà ni mo wí o. ABS ò ní mú PP. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ lu ihò kékeré síbi tí lílà náà parí sí, kó má bàa máa là lọ.

Super glue ńkọ́? Kì í mú PP dáadáa. Fáíbà? Ọjọ́ àkọ́kọ́ á dán bí ojú ọmọge, tẹ́ ẹ bá ti wọ kòtò mélòó kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Báńpà máa ń tẹ̀, fáíbà kì í tẹ̀, àwọn méjèèjì ò lè jọ gbé.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹ́ńjìnì ọ́ìlì pa ike dúdú tí oòrùn ti mú ṣì, eruku lẹ ń pè o.)

Mi ò ní ká máa tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Tí etí bá ti kán tán, tàbí tí ègé kan ti sọnù sójú títì, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá tòkunbọ̀ tó ní àwọ̀ mọ́tò yín ní Ládípọ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i, owó ọ̀dà ti dúró nìyẹn. Ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ dání, kẹ́ ẹ fi wọ́n wéra. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n wo irin tó wà lẹ́yìn ike náà, torí irin yẹn ló ń gba ẹ̀ṣẹ́, ike kàn bò ó lójú ni. Irin tó bá ti wọ́, ẹ má fi báńpà dídán bò ó. Ibẹ̀ yẹn ni mi ò ti gba àwàdà.

Èmi gbé tèmi lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì tó ń jó ike. Ojú mi ló ti jó o, ọ̀sán kan ló gbà á. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí ojú àpá náà. Mi ò tíì kùn ún. Owó ọ̀dà yẹn ni mo fi ra dátà tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.