Kì í Ṣe Pàṣán Ló Ń Kọ́ Ọmọ Ajá ní Ìmọ́tótó

Àwọn kan lè fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ ajá ló wá kù tí ẹgbẹ́ yóò máa kọ sínú ìwé?" Ọ̀rọ̀ ajá ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó kan ilé wa, ó kan àwọn ọmọ wa, ó sì kan irú ènìyàn tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ náà dà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀.

Ó ti wọ́pọ̀ láàrin wa báyìí kí ọmọ máa bẹ bàbá àti ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ ajá. Gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé ló ní. Yóò sọkún, yóò bínú, yóò ṣèlérí pé òun fúnra òun ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá gbà. Wọ́n ra ọmọ ajá ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n gbé e wọlé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì ti ṣu sẹ́yìn àga. Ìgbà yẹn ni ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́tùn-ún lósì ní òde àríyá wa: "Ẹ tẹ imú rẹ̀ mọ́ ohun tó ṣe, kí ẹ fi sálúbàtà nà án dáadáa. Kò ní dán an wò mọ́. Bí a ti ń ṣe é nílé nìyẹn."

Irọ́ ni. Bí a ti ń ṣe é nílé kọ́, ajá kò sì lè ti ibẹ̀ kọ́ ohunkóhun tó wúlò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ilé. Ní ọ̀pọ̀ agboolé nílẹ̀ Yorùbá, ajá kì í sùn ní pálọ̀. Ìta ló ń gbé, àgbàlá ló ń sùn, bí ìgbẹ́ bá sì ń gbọ̀n ọ́n, ààtàn tàbí etí igbó ló ń gbà lọ. Ta ló jókòó kọ́ ọ? Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, nítorí kò sí kápẹ́ẹ̀tì tí yóò bà jẹ́. Àwọn tó mọ ajá í kọ́ láàrin wa ni àwọn ọdẹ. Ọdẹ a máa sọ ajá rẹ̀ lórúkọ olówe, a sì máa fún un ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹran tí wọ́n bá pa, nítorí ó mọ̀ pé ajá tó ń gbọ̀n níwájú olówó rẹ̀ kò ní wúlò nínú igbó. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ ṣàkíyèsí pé fèrè ni wọ́n dárúkọ, wọn kò dárúkọ pàṣán.

Títẹ imú ajá mọ́ ìgbẹ́ tí a ń pè ní àṣà wa yìí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe é láyé àtijọ́, kí àwọn tó mọ̀ nípa ajá láàrin wọn tó sọ pé kí wọ́n jáwọ́. Ohun tí onílé ti kó dà sí ààtàn ni àwa ń ṣà, tí a tún ń fi orúkọ baba wa pè é.

Àṣà tó jẹ́ tiwa gan-an wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ìyá wa ló wà. Ẹ rántí bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe ọmọ ọwọ́. Yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò gbé ọmọ lé e, yóò sì máa fi ẹnu ṣe "ṣììì, ṣììì" títí ọmọ yóò fi tọ̀. Kì í dúró di ìgbà tí ọmọ bá lè sọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó gbé e. Bí ó bá mu ọmú tán, ó gbé e. Bí ojú ọmọ bá yí padà, tó ń rún ara, ìyá àgbà ti mọ̀. Bí ọmọ bá ṣe é síbi tó yẹ, yóò kí i: "O káre, ọmọ mi!" Bí ó bá sì tọ̀ sí i láṣọ, yóò rẹ́rìn-ín, yóò pààrọ̀ aṣọ. Ẹ dárúkọ ìyá àgbà kan fún wa tó na ọmọ oṣù mẹ́ta nítorí pé ó tọ̀ sí i lára.

Àkókò, ìṣọ́ra, ohùn kan ṣoṣo, àti ìyìn: ohun mẹ́rin tí ìyá àgbà ń lò nìyẹn. Ohun mẹ́rin náà ni àwọn tó ń fi kíkọ́ ajá ṣiṣẹ́ ń lò lónìí. Kò sí ohun àjèjì kankan níbẹ̀ fún ọmọ Yorùbá.

Ẹ wo ọmọ ajá fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, kò lè dá tọ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń lá a nídìí kó tó lè ṣe é, ìyá náà ló sì ń lá ohun tó bá jáde mọ́. Nígbà tó bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dá ṣe é, yóò sì máa rá kúrò níbi tó ń sùn kó tó ṣe é. Ìyẹn ni pé a dá ìmọ́tótó mọ́ ọn. Kò fẹ́ ba ibùsùn rẹ̀ jẹ́. Ohun tí kò mọ̀ ni pé gbogbo ilé yín, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ni ẹ kà sí ibùsùn. Lójú tirẹ̀, ẹ̀yìn àga jìnnà sí ibi tó ń sùn, nítorí náà ó ti ṣe ohun tó dára. Ẹ wá ń nà án lórí ohun tó dára lójú rẹ̀.

Àpò ìtọ̀ rẹ̀ náà kéré. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ máa ń ṣírò rẹ̀ báyìí: wákàtí kan fún oṣù kan. Ọmọ ajá olóṣù méjì lè mú un mọ́ra fún nǹkan bíi wákàtí méjì bí ó bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Bí ó bá ń sáré kiri, kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tì í mọ́lé láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tó wá bá ìtọ̀ nílẹ̀, ara rẹ̀ ni kó bá wí.

Àwọn kan á ní, "Ó mọ̀ pé òun ṣẹ̀. Ẹ ò rí bó ṣe ń tẹrí ba, tó ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́?" A gbọ́. Ní ọdún 2009, obìnrin onímọ̀ kan, Alexandra Horowitz, ní Barnard College ní New York, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n ní kí àwọn ajá má ṣe jẹ oúnjẹ kan, olówó wọn sì jáde kúrò nínú yàrá. Nígbà tó padà, ohun tí wọ́n sọ fún un nípa ohun tí ajá ṣe lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ irọ́. Kí ni wọ́n rí? Ajá tí wọ́n bá wí ló ń tẹrí ba, ì báà ṣẹ̀, ì báà má ṣẹ̀. Kódà, èyí tí kò jẹ ohunkóhun tí wọ́n sì bá wí ni ojú rẹ̀ jọ ti ẹlẹ́ṣẹ̀ jù lọ. Ìbẹ̀rù ìbínú yín ni ẹ ń rí lójú ajá, kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn. Bí ìṣẹ́jú mélòó kan bá ti kọjá lẹ́yìn tó tọ̀, kò sí bí yóò ṣe so ẹgba mọ́ ìtọ̀.

Ẹgba máa ń kọ́ ọ ní ohun kan ṣá: pé kò dára kí ènìyàn rí òun níbi tí òun ti ń tọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni yóò máa lọ. Bí ẹ bá mú un lọ sẹ́yìnkùlé, tí ẹ dúró tì í, kò ní ṣe é, nítorí ẹ̀ ń wò ó. Bí ẹ bá padà wọlé tí ẹ yíjú, yóò ṣe é. Ẹ ó wá ní olóríkunkun ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá yẹ ní ṣíṣe? Ẹ gbé e jáde bí ó bá ti jí, bí ó bá jẹun tán, bí ó bá ṣeré tán, àti kí ẹ tó sùn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa gbé e jáde ní wákàtí wákàtí lójúmọmọ. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni kí ẹ gbà, ojú ibi kan náà ni kí ẹ lọ. Ẹ dúró, ẹ má bá a ṣeré, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ Yorùbá: "Ó yá, tọ̀!" Ajá kò mọ̀ bóyá èdè Gẹ̀ẹ́sì ló lọ́lá jù. Ọmọ yín tí ojú ń tì láti sọ Yorùbá níwájú àgbàlagbà kò ní tijú níwájú ajá, nítorí ajá kì í fi ohùn ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí ó bá ti ṣe é tán, lójú ẹsẹ̀, níbẹ̀ gan-an, ẹ yìn ín, kí ẹ sì fún un ní ẹran bíńtín. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá wọlé, nítorí á rò pé wíwọlé lẹ ń san ẹ̀san rẹ̀ fún. Nínú ilé, kí ó wà nítòsí yín. Bí ó bá ń gbóòórùn ilẹ̀ tó ń yí po, ẹ gbé e. Bí ẹ kò bá lè ṣọ́ ọ, ẹ fi í sínú kéèjì tó gbà á láti dìde, láti yí padà, láti sùn. Ṣùgbọ́n kéèjì kì í ṣe ẹ̀wọ̀n tí a ń ti ajá mọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Lóru, ẹ yí aago sí i, kí ẹ jí gbé e jáde.

Bí ẹ bá ká a mọ́ ibi tó ti ń tọ̀ nínú ilé, ẹ má pariwo, ẹ gbé e síta kó parí rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ kò bá ká a mọ́ ọn, ẹ nù ún, kí ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ má ṣe lo ọṣẹ tí àmóníà wà nínú rẹ̀, nítorí òórùn rẹ̀ jọ ti ìtọ̀, yóò sì máa pe ajá padà síbẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n kọ "biological" sí lára, tí a pò mọ́ omi, dára jù.

Ẹ̀yin tó ń gbé fúláàtì, ẹ ṣọ́ra. Ọmọ ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ máa rìn níbi tí àwọn ajá mìíràn ń ṣu sí, nítorí àrùn parvovirus ń pa ọmọ ajá. Ẹ lè tẹ́ koríko sínú àwo ńlá sí bálíkónì títí dókítà ẹranko yóò fi ní ó tó. Gbogbo rẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè gba oṣù. Bí ajá tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá ṣàdéédé bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbé e lọ, ó lè jẹ́ àìsàn.

A mọ ohun tí ẹ ó sọ. "Iṣẹ́ òru ni a ń ṣe. Ta ló ráyè?" Ọ̀rọ̀ gidi ni, a kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe pàṣán. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí ẹ má rà á. Nígbà ìséde kòrónà ní 2020 àti 2021, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìlú Ọba ló sáré ra ajá; nígbà tí iṣẹ́ padà, ọ̀pọ̀ ajá di èrò ilé àwọn tó ń gba ajá tí a kọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ìdílé Mùsùlùmí tí ẹ kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ ìrun yín, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ sọ fún ọmọ pé "rárá" lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Rárá" tó dun ọmọ fún ọ̀sẹ̀ kan sàn ju "bẹ́ẹ̀ ni" tí ajá yóò fi ara san. Ìlérí ọmọ ọdún mẹ́jọ pé òun ó máa jí lóru, ẹ má gbé ara lé e. Àgbà ilé ló ni iṣẹ́ náà.

Òfin náà wà ńlẹ̀. Òfin ìtọ́jú ẹranko ti ọdún 2006 ní Íńgílándì àti Wales sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó ní ẹran ọ̀sìn pèsè ohun tí ara rẹ̀ nílò, ó sì ka fífi ìyà tí kò nídìí jẹ ẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní 2021, wọ́n gbé ẹ̀wọ̀n tó lè tìdí rẹ̀ yọ kúrò ní oṣù mẹ́fà, ó di ọdún márùn-ún. Bákan náà, ìgbẹ́ tí ajá bá ṣu síta, ẹ kó o. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, káńsù lè gba owó ìtanràn lọ́wọ́ yín, ó sì lè di £1,000 bí ó bá dé kóòtù. Ẹyin aràn inú ìgbẹ́ ajá sì lè ba ojú ọmọdé jẹ́.

Ṣùgbọ́n òfin kọ́ ló ká wa lára jù. Àwọn ọmọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ tí wọ́n ń wò ni. Wọ́n ń rí i pé ẹni tó kéré jù nínú ilé ni a ń nà, lórí ohun tí kò yé e, nítorí pé ó ti rẹ àgbàlagbà. Wọ́n sì ń gbọ́ ọ pé àṣà Yorùbá nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ohun mìíràn tí wọn yóò fi mọ àṣà yìí ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé lọ. Bí ọmọ bá dàgbà tó ní òun kò fẹ́ àṣà náà mọ́, ta ni ẹ ó bá wí?

Ẹ kọ́ wọn ní ti ìyá àgbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín ní aago mẹ́ta òru nínú òtútù, ẹ wọ bùbá lábẹ́ kóòtù, ẹ dúró ti ọmọ ajá kékeré lórí koríko, ẹ ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ó yá, tọ̀." Kí wọ́n gbọ́ tí ẹ ń kí i pé, "O káre." Àṣà Yorùbá nìyẹn, ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà.