Oríyìn fún Àwọn Wolé-wolé

Ní ayé àtijọ́ ní Adó-Èkìtì, igbe "Wolé-wolé ń bọ̀!" tó láti da agboolé rú. Ìyá á sáré da omi àmù nù, ọmọ á gbá ìgbálẹ̀ mú, baálé á rántí pé ó yẹ kí òun ti wà lóko. Ẹ má jẹ́ ká parọ́, a ò fẹ́ràn wọn. Ẹni tó ń ṣí ìdérí àmù wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, tó ń yọjú sí ṣáláńgá onílé, tó tún lè fúnni níwèé kóòtù, ta ni yóò pa adìẹ fún un? Àwọn gan-an la fẹ́ kí lónìí.

Òyìnbó ló gbé òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé wá, ìbẹ̀rù kọ́lẹ́rà ló sì kọ́ Òyìnbó fúnra rẹ̀ lọ́gbọ́n. Liverpool, ìlú èbúté tí epo pupa ilẹ̀ wa ń gúnlẹ̀ sí nígbà náà, yan William Henry Duncan ní dókítà ìlera ìlú ní 1847. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òfin ìlera ìlú jáde. Ní 1854, John Snow tọpa kọ́lẹ́rà dé ìdí ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street ní Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀, àfìgbà tí odò Thames rùn mọ́ àwọn aṣòfin nímú ní 1858 kí wọ́n tó jẹ́ kí Joseph Bazalgette la gọ́tà ńlá sábẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá ń pe tiwa ní ìdọ̀tí, kó mọ ibi tí tiwọn ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Òyìnbó gbé òfin náà débí, ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi dáàbò bò: wọ́n kọ́ ilé tiwọn sọ́tọ̀, wọ́n fi gbalasa ilẹ̀ sáàárín kí ẹ̀fọn wa má baà bá wọn lálejò. Nítorí náà, oríyìn yìí kì í ṣe ti ẹni tó kọ òfin. Ti ọmọ wa tó fi kẹ̀kẹ́ gbé e wọ agboolé ni. Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé fi ọ̀nà hàn àwọn wolé-wolé ní Èkó nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri jà níbẹ̀ láti 1924. Ó kọ́ wọn níṣẹ́ ní Yaba. Lónìí, Ìjerò-Èkìtì ni àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń kọ́ ọ.

Adó kò rọrùn fún iṣẹ́ yìí. Orí àpáta la kọ́lé sí. Ẹni tó bá ti gbẹ́ ṣáláńgá níbí mọ ohun tí mò ń wí. Òjò a sì máa gbá ohun tí ará òkè dànù wọ odò Ajílósùn, kó gbé e lọ bá ará ìsàlẹ̀. Wolé-wolé ló ń ta kú pé kí kànga wà lókè, kí ṣáláńgá wà nísàlẹ̀, kí wọ́n sì jìnnà síra wọn. Òun ló ń la ẹ̀dọ̀fóró màlúù wò kí alápatà tó gbé ẹran dé ìsọ̀. Àwọn wolé-wolé kan gba ẹyin, wọ́n dijú. Àwọn yẹn ò sí nínú oríyìn yìí.

Ẹni tí dókítà wò sàn á gbé iṣu wá dúpẹ́. Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru kò kọ lù rárá kò mọ ẹni tí òun ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wa ṣì rántí sòbìà, tó ń dá géńdé dùbúlẹ̀ nígbà iṣẹ́ oko. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, àti ẹnu àwọn tí kò sú wọn láti máa sọ ọ́ fún wa, ló ṣe é.

Ilé tí ó ṣí sílẹ̀ nígbà náà ti ní géètì àti ajá báyìí. Ẹ̀yin onílé, ẹ so ajá yín mọ́lẹ̀ bí wolé-wolé bá kànkùn. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀, ẹ fún wọn ní ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé abúlé. Ẹ̀yin àgbà wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì ní Adó, Ìgèdè, Ìjerò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà èébú wa.