Omi Tó Mọ́ Lójú Lè Ní Àrùn Nínú

Ẹ̀yin òbí ní Ìlobùú àti ní Ìfọ́n, àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àrùn mọ ọ̀nà inú omi dáadáa. Omi tí ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ ni a ó sọ̀rọ̀ lé lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ́ sí òtẹ́ẹ̀lì. Gbogbo ẹni tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ló ń fi òógùn àti ìdọ̀tí ara sílẹ̀. Nǹkan méjì ló ń gbà wá. Èkíní ni asẹ́: ẹ̀rọ á fa omi gba inú àgbá tó kún fún yanrìn, yanrìn á mú ìdọ̀tí, omi á sì padà sínú adágún. Èkejì ni oògùn apakòkòrò tí à ń pè ní chlorine. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Kòkòrò kéékèèké a máa yọ́ gba àárín yanrìn kọjá; òógùn, ìtọ̀ àti oòrùn a sì máa sọ chlorine di aláìlágbára. Kòkòrò kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, Cryptosporidium, lè wà láàyè ju ọjọ́ 7 lọ nínú omi tí chlorine rẹ̀ pé. Nítorí náà, ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru kò gbọdọ̀ wọ adágún rárá.

Ẹ̀yin olótẹ́ẹ̀lì, bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ dúró, asẹ́ ti dákẹ́ nìyẹn. Ẹ má gba ènìyàn wọlé. Bí yanrìn bá dí, ẹ darí omi gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá sókè, kí ó fọ ìdọ̀tí dànù. Ẹ máa yẹ agbára chlorine wò lójoojúmọ́. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ kò bá rí ìsàlẹ̀ ibi tó jìn jù lọ kedere, ẹ mú ọmọ yín padà sílé.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló ń rí owó òtẹ́ẹ̀lì? Odò Erinlẹ̀ ni adágún tiwọn, odò kò sì ní asẹ́. Ìwádìí Oladejo àti Ofoezie tó jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé àtọ̀sí ajá ṣì ń ràn níbi tí wọ́n ti sé odò náà. Ọmọ tó ní in á tọ̀ sómi. Ẹyin inú ìtọ̀ náà á pa, kòkòrò á wọ inú ìgbín kéékèèké etí odò, á pọ̀ sí i níbẹ̀, á sì jáde wá gba awọ ara ọmọ mìíràn wọlé. Ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni àmì rẹ̀. Kì í ṣe àmì ìbàlágà, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Oògùn praziquantel ń wò ó. Ẹ mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n wọn ìwúwo rẹ̀ kí wọ́n tó fún un.

Ẹ kìlọ̀ fún wọn: kí wọ́n má tọ̀ sómi, kí wọ́n má lúwẹ̀ẹ́ níbi tí omi ti dúró tí koríko pọ̀. Omi odò tí ẹ ó fi wẹ̀ fún wọn, ẹ pọn ọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ 2 gbáko, kí ìgbín má sì sí nínú rẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.