Ọyẹ́ Á Dé Lọ́jọ́bọ̀ àbí Kò Ní í Dé?

Ẹ yà sí Agbowó láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, nídìí tábìlì oníwèé ìròyìn tó wà létí títì wa. Ẹ máa bá àgbà ọkùnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún níbẹ̀ tí wọ́n gbójú sókè bí ẹni tó ń retí ẹ̀rọ bàálù. Wọn ò retí bàálù kankan o, ọyẹ́ ni wọ́n ń wò. Ọ̀kan á ní ó ti ń bọ̀, èkejì á ní irọ́ ni, ẹ̀kẹta á ní ìgò málùtì kan lòun máa fi ta á. Emi náà wà níbẹ̀. Ṣé kí n purọ́ ni?

Ẹ má rò pé iṣẹ́ òmùgọ̀ ni. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ń ṣe irú ẹ̀. Bí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ wọn á máa yọjú lójú fèrèsé, wọ́n á máa retí òjò dídì kí wọ́n lè ti iléèwé. Ooru á sì fi díẹ̀ péré lé, omi lásán á rọ̀. Àwa ò ní òjò dídì. Yìnyín tó ń bá òjò tiwa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kọ́mọdé tó ṣà á tán, ó ti yọ́. Ọyẹ́ ni òtútù tiwa, òun náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ àgbàlagbà di òpùrọ́.

Orílẹ̀-èdè Chad ni ọ̀pọ̀ eruku ọ̀hún ti ń wá, níbi tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Omi ńlá ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ó gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá di nǹkan funfun lẹ́búlẹ́bú bí ẹfun. Òkè Tibesti wà lápá kan, òkè Ennedi wà lápá kejì, àárín méjèèjì ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ẹ mọ bí omi ṣe máa ń ta jáde béèyàn bá fọwọ́ fún ẹnu rọ́bà? Bí afẹ́fẹ́ yẹn ṣe ń le nìyẹn, tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú náà sókè réré. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, ó lè ti dé Maiduguri àti Kano. Kó tó kàn wá ní Ìbàdàn, ó lè gbà tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Òmíì tilẹ̀ ń bá tiẹ̀ lọ lórí òkun títí dé Gúúsù Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló ti ń ṣe ajílẹ̀ fún igbó Amazon. Àwa ń fi eruku wú ikọ́, ẹlòmíì ń fi ṣe oko!

Bó bá jẹ́ pé gbogbo èyí tó bá dé Kano ló ń dé Agbowó ni, kò sẹ́ni tí ì bá ta á. Afẹ́fẹ́ òkun ló ń dà á rú. Òun náà ń ti gúúsù fẹ́ bọ̀, ó rin, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibi táwọn méjèèjì ti pàdé kì í dúró sójú kan. Nínú oṣù Kìn-ín-ní, ti àríwá lè tì í dé etí òkun. Nígbà míì, ti òkun á dá a padà sókè. Ìbàdàn kò jìnnà sí òkun tó kó bọ́ nínú ìjàkadì yìí. Àjọ NiMet tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 2003 ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, wọ́n ń sọ bójú ṣe máa ríran jìnnà tó. Bí wọ́n bá ní kò ní kọjá ẹgbẹ̀rún mítà kan, ẹni tó fẹ́ wọ bàálù yáa lọ jókòó. Ṣùgbọ́n gbogbo agbègbè ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, wọn ò lè dárúkọ òpópónà wa.

Ohun tó mú mi kọ èyí ni ọ̀rọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ní ásímà. Ẹni tó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé eruku yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ málùtì. Nígbà tí iléeṣẹ́ GSK kéde lóṣù Kẹjọ ọdún 2023 pé àwọn ń palẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà, owó Ventolin tí wọ́n ń fín sẹ́nu fò sókè bí ẹyẹ. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì kò lè ra méjì pa mọ́ mọ́. Ó ní láti mọ ìgbà tó yẹ kóun ra ọ̀kan.

Nígbà ọyẹ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò ẹ̀ tó ń ṣòwò ní Kano pè é pé àwọn ò rí òdìkejì títì mọ́. Ó tọ̀ wá wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó máa dé ọ̀dọ̀ wa?"

Mo gbójú sókè, mo sọ ọ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n: "Ooru tó mú lálẹ́ àná yìí? Afẹ́fẹ́ òkun ṣì lágbára. Kò ní kọjá Ìlọrin. Yáa fi owó ọwọ́ ẹ sanwó búrẹ́dì."

Ó gbọ́ tèmi. Lóru Ọjọ́bọ̀ ni nǹkan náà dé. Nígbà tílẹ̀ mọ́ ọjọ́ Ẹtì, a ò rí másì tẹlifóònù tó wà lọ́nà Bódìjà mọ́ rárá, oòrùn pupa bí epo. Ṣùgbọ́n òru ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́. Àyà ọmọ náà ń dún bíi fèrè, èyí tó kù nínú agolo ò tó nǹkan, kò sí ilé ìtajà oògùn tó ṣí. Ìyá ń kan ilẹ̀kùn kiri nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn wa, títí tí ọmọbìnrin kan fi yọ tiẹ̀ fún un. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Nígbà tí mo lọ kí wọn láàárọ̀, obìnrin náà ò bú mi. Ó kàn ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n." Ì bá tiẹ̀ bú mi.

Látìgbà náà, kò bi wá ní nǹkan kan mọ́. Ó ra ìwé ọmọ iléèwé, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà ọyẹ́: bí Kano ṣe rí, bóyá ìrì sẹ̀, ìgbà tí aṣọ tó sá gbẹ, bóyá òun rí másì. Mo tọrọ ìwé náà wò. Ẹ ò ní gbàgbọ́! Gbogbo ọgbọ́n tí à ń pa nídìí tábìlì, aṣọ sísá ni obìnrin yìí fi tú u. Bí Kano bá ṣú, tí aṣọ Agbowó sì gbẹ kó tó dọ̀sán, ó sábà máa ń dé. Bí Kano bá ṣú, tí aṣọ ṣì rin títí ìrọ̀lẹ́, ó sábà máa ń dúró lọ́nà. Ó yé mi wàyí: afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń ṣáájú, eruku ń tẹ̀ lé e. Àwọn ìgbà tó ṣì í wà nínú ìwé ọ̀hún náà, bírò pupa ló fi fa ìlà sí wọn. Nínú gbogbo àwa tá à ń ta málùtì, kò sẹ́ni tó lè sọ iye ìgbà tóun ti ṣì í. Èyí tá a jẹ nìkan là ń rántí.

Àwọn kan ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní NiMet Agbowó. Òun kì í dá wọn lóhùn, ó ń ta búrẹ́dì ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ kì í ṣe nǹkan yẹ̀yẹ́ fún ẹni tí ara ẹ̀ kò gba òtútù, pàápàá àwọn tó ní àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ro wọ́n lóríkèé. Lápá òkè ọ̀hún, àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ àti eruku yìí náà ni àrùn yírùnyírùn máa ń jà. Èyí tó jà lọ́dún 1996 ní Nàìjíríà pa èèyàn tó lé ní 10,000.

Lọ́jọ́ Àìkú kan nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo fẹ́ ra búrẹ́dì, mo rí i tó ń ká aṣọ lórí okùn, aago mọ́kànlá ò tíì lù.

Mo ní, "Kano ńkọ́?"

Ó ní, "Ó ti ṣú láti àná."

"Oògùn ńkọ́?"

Ó fọwọ́ kan àpò ìdí ẹ̀. Nídìí tábìlì, wọ́n ti ń pariwo pé kò ní dé, pé ta ló fẹ́ fi málùtì ta á. Mo gba búrẹ́dì mi, mo lọ ti fèrèsé mi.