Ìlú-Mọ̀-Ọ́n-Ká Ní Í Fa Èrò Wọ Ọjà

Bí ìlú-mọ̀-ọ́n-ká bá ná ọjà tuntun, èrò a wọ́ tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn àwọn ìkànnì ìbánisọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì rí.

Ọdún 2006 ni wọ́n dá Twitter sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, òṣèré Ashton Kutcher bá ilé iṣẹ́ ìròyìn CNN figagbága lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ ní ọmọlẹ́yìn mílíọ̀nù kan níbẹ̀. Kutcher ni ó borí. Lọ́jọ́ náà gan-an, Oprah Winfrey darapọ̀ mọ́ ìkànnì náà lójú àwọn tí ń wo ètò rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìpolówó ńlá ni èyí jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹnu tí ń polówó ọjà lè bà á jẹ́. Nígbà tí Snapchat yí ìrísí rẹ̀ padà, ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ti àtijọ́ padà. Ilé iṣẹ́ náà kò gbà nígbà náà. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Kylie Jenner kọ ọ́ sórí Twitter pé òun kì í ṣí Snapchat mọ́. Ní ọjọ́ kejì, nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.3 dọ́là dín kúrò nínú iye tí ilé iṣẹ́ náà tó lọ́jà.

Èrò ni ọrọ̀ ìkànnì, síbẹ̀ ohùn ẹnì kan wúwo ju ti mílíọ̀nù lọ. Nítorí náà, kí ẹni tí ń gbúròó ilé ní ìdálẹ̀ nípasẹ̀ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ kọ nọ́ńbà tẹlifóònù àwọn ènìyàn rẹ̀ síbòmíràn. Ọjà lè tú nígbàkígbà.